Ohun Tí Mo Sọ Pé Tíránsífà Ń Jẹ́

Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ fi mí jẹ Baba Ìjọ, Adédàpọ̀ ni wọ́n sì ní kó dìde jẹ́rìí mi lójú gbogbo ènìyàn. Mo ti gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ, nítorí ó ti pè mí lórí fóònù kó lè fi dánra wò. Ó fẹ́ sọ pé nígbà tí ìyà ńlá fẹ́ jẹ ọmọ òun nílé-ẹ̀kọ́, èmi Oyèníyì ni mo bá òun dé iwájú àwọn aláṣẹ, tí mo fi ẹnu mi gba ọmọ náà sílẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ibẹ̀ yẹn ni mo ti fẹ́ sunkún díẹ̀, ṣé kò ní pọ̀ jù?" Mo ní kò ní pọ̀ jù. Kí Dàpọ̀ tó jẹ́rìí mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́rìí ara mi. Kò sí ìyà kankan tó fẹ́ jẹ ọmọ náà. Ire ni wọ́n fẹ́ fún un, èmi ni mo sọ ọ́ di ìyà, ẹnu tí wọ́n fẹ́ torí ẹ̀ yìn mí yìí gan-an ni mo sì fi ṣe é. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ wá wo igbá mi.

Ohun tó ṣì ń dàrú mọ́ mi lójú títí di òní ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti gbé e yẹ̀ wò síwá, mo gbé e yẹ̀ wò sẹ́yìn, mi ò rí ojú ibi tí àìmọ̀ mi parí sí, tí irọ́ mi ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, mo máa rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́, kí ẹ̀yin tí ojú yín mọ́ ju tèmi lọ bá mi wo ibẹ̀.

Abúlé kan náà ni èmi àti Dàpọ̀ ti wá, agboolé wọn kọjú sí tiwa. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwé kìíní àti ìwé kejì kó tó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tó tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sóko. Ìyàwó rẹ̀, Àrìnpé, ló mú un dé Amẹ́ríkà. Àrìnpé mọ̀wé, òun ló ń ka gbogbo lẹ́tà ilé. Nígbà tí ikú mú un lọ, ó ku Dàpọ̀ àti ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, Kúnmi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà náà. Springfield Gardens ni wọ́n ń gbé, lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú, níbi tí Dàpọ̀ ti ń kó ẹrù èrò sínú ọkọ̀. Ẹni tó ń gbé àpótí tó wúwo bí màlúù láì mí hẹlẹ, ẹ̀rù ìwé pélébé ń bà á. Bí lẹ́tà bá ti dé, á tì í bọ àyà ẹ̀wù, á wọ bọ́ọ̀sì, á wọ ọkọ̀ ojú-irin, á wá bá mi ní University Heights nínú Bronx lọ́hùn-ún. Á ní, "Tíṣà, ẹ bá mi wo ohun tí àwọn ènìyàn yìí ń wí." Èmi á wá fi awò sójú, n óò tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe, n óò máa túmọ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, kò sí ohun tó ń dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀. Nílé, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jẹ́ tíṣà, àwọn tó ti bímọ ń dọ̀bálẹ̀ fún mi lójú títì. Níbí, mo ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà oògùn kan, àwọn ọmọ kéékèèké ń pè mí ní Páàpì, bí ẹni ń pe ẹnikẹ́ni lójú títì. Ṣùgbọ́n bí Dàpọ̀ bá ti kan ilẹ̀kùn, mo tún di Tíṣà.

Ẹ lè bi mí pé ṣé Kúnmi fúnra rẹ̀ ò lè kàwé fún bàbá rẹ̀ ni. Ó lè kà á, ó kàn ò lè sọ ọ́ ní Yorùbá tí yóò yé bàbá rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà ló jẹ́ nígbà tí wọ́n gbé e dé. Yorùbá rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ tí wọ́n fi ọkọ́ ha, kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀. Ibi tí mo bá ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé yìí, mi ò fi àmì ohùn sí i, kí ẹ lè gbọ́ ọ bó ṣe ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Àti pé Dàpọ̀ gbà pé kò yẹ kí ọmọ máa túmọ̀ ẹjọ́ ara rẹ̀ fún bàbá. Àgbà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àgbà ọ̀hún sì nìyí.

Nígbà tí Kúnmi wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní kọ́múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì, Dàpọ̀ bi mí pé kí nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, kọ́lẹ́ẹ̀jì ni girama. Kọ́múnítì sì ni èyí tí àwọn ará ìlú fi ọwọ́ ara wọn kọ́, tí òrùlé rẹ̀ máa ń ṣí bí ìjì bá jà. Mo ní, "Girama ìlú ni."

Ó ní, "Ṣebí ó ti parí girama?"

Mo ní, "Àwọn tí ìwé wọn ò jinná dáadáa ni wọ́n ń dá padà síbẹ̀." Ó mirí, ó ní ó dáa tí òun wá béèrè. Ọlọ́run mọ̀ pé bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, bí àwọn àgbà ṣe wí. Ohun tí wọn ò sọ fún wa ni ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹni tí a bi léèrè bá jẹ́ àlejò níbẹ̀ bíi tiwa.

Ọdún méjì kọjá. Kúnmi lẹ ìwé kan mọ́ ara fìríìjì wọn, ó fa ìlà sí i láàárín. Lápá kan ni ó kọ àwọn iṣẹ́ tó ń ṣe sí, ìṣirò oríṣiríṣi, físíìsì lọ́nà mẹ́ta, kẹ́mísìrì. Lápá kejì ni ó kọ ohun tí yunifásítì kan máa kà á sí fún un, ìyẹn yunifásítì tí ọkàn rẹ̀ fà sí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ físíìsì àti iṣẹ́ ẹnjiníà pọ̀ sínú oyè kan ṣoṣo. Bí iṣẹ́ kan kò bá ní ojúgbà lápá kejì, á yọ ọ́ kúrò, á wá òmíràn tì í. Bí ẹni ń to òkúta sínú odò kó lè rìn kọjá ni ọmọ yẹn ṣe ń tò ó. Èyíkéyìí tó bá parí, á fi bírò pupa kọ ẹ́kísì sí i. Dàpọ̀ ya fọ́tò rẹ̀ wá fún mi. Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó nínú kíláàsì nílé mọ ohun tí ẹ́kísì pupa jẹ́. Mo kà á, ó jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Mo bọ́ awò ojú mi. Dàpọ̀ ní, "Kò dáa ni, Tíṣà?" Mo ní kó máa gbàdúrà.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn báyìí, Dàpọ̀ tún dé. Kò jókòó. Ó ní Kúnmi sáré jáde láti iyàrá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó dì mọ́ òun, ó ní, "Dadi, wọn ti fun mi ni tiransifa." Ó ní, "Tíṣà, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n fún un ní tíránsífà, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ṣé kì í ṣe pé ìbànújẹ́ ti kàn án lórí? Kí tilẹ̀ ni tíránsífà níbí?"

Mo bi í pé, "Síbo?"

"Òkè àríwá lọ́hùn-ún. Wákàtí márùn-ún nínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n ní yìnyín ibẹ̀ máa ń ga dé ojú fèrèsé."

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ìjọba nílé, ẹ bá mi dá sí i. Ní ọdún 1986, mo bá ìsìpẹ́kítọ̀ kan jiyàn lójú àwọn ọmọ kíláàsì mi. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí tíránsífà mi fi dé, sí ìlú kan tí ọkọ̀ kì í wọ̀ bí òjò bá ti rọ̀, tí ejò ń wọlé kí wa bí àna. Ọdún mẹ́rin ni mo jẹ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń na ènìyàn láì gbé pàṣán. Nígbà tí Dàpọ̀ dárúkọ tíránsífà, ọgbẹ́ mi àtijọ́ ló dá a lóhùn. Mo ní, "Dàpọ̀, ọmọ yẹn ti ṣẹ̀ wọ́n." Ó wá jókòó nígbà náà.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo lọ sílé wọn lẹ́yìn ìsìn. Dàpọ̀ bi ọmọ náà lójú mi pé, "Kúnmi, sọ fún mi lójú Bàbá Tíṣà, kí ló fà á tí wọ́n fi ń gbé ọ lọ?"

Ọmọ náà gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, "Emi ni mo fẹ lọ, Dadi. Nitori ọkọ ni."

"Nítorí kí ni?"

"Ọkọ. Lati kekere ni mo ti n wo o. Mo fẹ mọ bi wọn ṣe n ṣe ọkọ." Ó na ìka sókè bó ṣe ń sọ ọ́. Ọkọ̀ òfurufú kan ń kọjá lórí ilé lákòókò náà, ó rẹlẹ̀ débi pé àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù ń gbọ̀n. Dàpọ̀ ò gbójú sókè. Ẹni tó bá ti ń gbé abẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ òfurufú fún ọdún mẹ́rìnlá kì í gbọ́ ọ mọ́. Ó wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó rí àjèjì nínú ilé. Ó ní, "Ta lọ́kùnrin náà?"

Kúnmi ní, "Which man?"

Èmi rí ìka yẹn. Mo tẹ̀ lé e dé òkè àjà, mo gbọ́ bí ilé ṣe ń gbọ̀n, mo mọ̀ pé ọkọ̀ ló ń wí, pé ẹ̀rọ tí bàbá rẹ̀ ń kó ẹrù sí ló fẹ́ mọ inú rẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo ló já bọ́. Bí mo bá tún un ṣe níbẹ̀, gbogbo wa ì bá rẹ́rìn-ín, à bá jẹun wa tán. Mi ò tún un ṣe. Mo gé ẹran, mo ń jẹ. Mo rò pé eré ni. Ṣé ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀? Nígbà mìíràn mo máa ń sọ pé ibẹ̀ ni, nígbà mìíràn mo máa ń sọ pé rárá, nítorí mo ṣì gbà nígbà náà pé ìyà ni tíránsífà. Ọmọ tó ní òun ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkọ̀ rèé, mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Kò yé mi.

Dàpọ̀ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ó fi orúkọ ọmọ náà sínú ìwé àdúrà ìjọ, àwọn alàgbà bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo sì ṣàlàyé fún wọn pẹ̀lú ọlá, bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé nǹkan. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, obìnrin tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ pé òun fẹ́ rí bàbá Kúnmi. Dàpọ̀ ní bí mi ò bá tẹ̀ lé òun, òun ò ní lè lọ.

Dianelys ni orúkọ obìnrin náà, ọmọ ilẹ̀ Cuba ni, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ìlẹ̀kẹ̀ funfun àti pupa yọ díẹ̀ lọ́rùn ẹ̀wù rẹ̀. Bó ṣe gbọ́ pé Yorùbá ni wá, ojú rẹ̀ tàn, ó ní, "Alafia." Ó ní lọ́dọ̀ àwọn tó tọ́ òun nínú ẹ̀sìn, èdè wa ni wọ́n fi ń kí òrìṣà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ò lè bá ẹnikẹ́ni fi ra búrẹ́dì. Èmi ọmọ Áńgílíkà, mo fa àga mi sẹ́yìn díẹ̀. Kúnmi jókòó sáàárín èmi àti bàbá rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un.

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nítorí tèmi. Ó ní Kúnmi ti ṣe iṣẹ́ ọdún méjì, yunifásítì ọ̀hún ti gba gbogbo rẹ̀, kò ní tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ọdún kẹta ni yóò wọ̀ tààrà. Ó ní èyí ni wọ́n ń pè ní tíránsífà. Ó mú ìwé tí ó dà bíi ti ara fìríìjì yẹn jáde, ó ń fi ìka tọ́ka sí ẹ́kísì kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ pé èyí ti parí, èyí náà ti parí, gbogbo rẹ̀ ló ti parí. Ó ní àwọn tó tọrọ ààyè náà lé ní ọgọ́rùn-ún, méjìlá ni wọ́n mú. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń jókòó sórí àga yìí, òun ò tíì rí ọmọ tó gbèrò ọ̀nà ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Nítorí pé abẹ́ bàbá rẹ̀ ló ṣì wà, bàbá gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ ìwé kan kí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tí wọ́n ṣèlérí fún un lè jẹ́ tirẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà kò gbọdọ̀ kọjá. Láìsí ìwé yẹn, ààyè náà á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Gbogbo rẹ̀ yé mi. Ẹ fi ìlà sábẹ́ ìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má gbèjà mi pé Gẹ̀ẹ́sì obìnrin náà ló yára, kò yára. Mo rántí ààwẹ̀ Dàpọ̀, mo rántí àwọn alàgbà tí mo ṣàlàyé fún, mo rántí girama ìlú, mo rántí ẹ́kísì mẹ́rìndínlógún. Bí mo bá la ẹnu báyìí, ọdún méjì tí mo ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí yóò dojú dé, Dàpọ̀ yóò sì mọ̀ pé Tíṣà ò mọ nǹkan kan. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ikú ara ẹni ni wọ́n ń wí, wọn ò ní kí á fi ti ọmọ ọlọ́mọ ṣe é.

Dàpọ̀ ní, "Kí ló wí, Tíṣà?"

Kúnmi wà níbẹ̀, ó sì gbọ́ Yorùbá ojoojúmọ́. Nítorí náà mi ò lo Yorùbá ojoojúmọ́. Mo kó gbogbo ìjìnlẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi jáde. Mo ní, "Dàpọ̀, adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Àfòpiná lọ kojú fìtílà. Bí àgbà ò bá tètè wólẹ̀ síwájú ẹni tó ni fìtílà, òfò ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀." Kúnmi wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé oríkì rẹ̀ ni mo ń kì. Wọ́n ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Èmi gun ẹṣin náà, mo fi gbé ọ̀rọ̀ lọ sọnù.

Dianelys wá gbórí sókè. Ó ní, "Baba, ẹ dúró. Ṣé ofo lẹ wí?" Ó ní, "Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Nílé ìyá mi nínú òrìṣà, ofo ni àdánù. A máa ń bẹ̀bẹ̀ kó yẹ̀ lórí ẹni. Kí ló sọnù nínú ohun tí mo sọ?" Ẹ wo nǹkan. Àwọn babańlá àwọn ènìyàn yìí gbé ọ̀rọ̀ náà ré òkun kọjá nínú ìdè, gbogbo ohùn rẹ̀ ti já sínú omi, síbẹ̀ ó dìde dúró nínú yàrá yẹn, ó gbá mi láṣọ mú. Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé nílé wa lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀, pé ayọ̀ ńlá ni. Ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ ni èdè."

Dàpọ̀ dìde. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú obìnrin náà, ó fi àyà lélẹ̀. Kò sọ̀rọ̀, ẹkún ti gbé ohùn rẹ̀ mì. Ó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má gbé ọmọ tí Àrìnpé fi sílẹ̀ fún un lọ sínú yìnyín. Dianelys ò bẹ̀rù bí òyìnbó mìíràn ì bá ṣe bẹ̀rù, nítorí nínú ẹ̀sìn tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń júbà. Ó rò pé ọpẹ́ ni bàbá náà ń dú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀ méjèèjì, ó gbé e dìde, omi bọ́ lójú òun náà. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fọwọ́ gbé abẹ̀bẹ̀ dìde ti dárí jì í, Dàpọ̀ sì gbà á bẹ́ẹ̀. Kúnmi rí bàbá rẹ̀ tó dọ̀bálẹ̀ nítorí òun, ó rò pé ìre ló ń sú fún òun, ó bo ojú rẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta ń sunkún nínú yàrá kékeré kan, ẹkún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, èmi nìkan ni mo sì mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sun. Dianelys na ìwé náà sí mi. Ó ní ṣebí èmi ni mo máa ràn wọ́n lọ́wọ́.

Kúnmi gba kíláàsì lọ. Lójú ọ̀nà ibùdókọ̀, Dàpọ̀ ní, "Wọ́n ti jì wá?"

Mo ní, "Wọ́n ti jì yín."

"Ìwé ọwọ́ yín yẹn ńkọ́?"

Mo ní, "Ìwé ìdáríjì ni. N óò bá ọ tọ́jú rẹ̀." Ó gba ọwọ́ mi, ó fi kan iwájú orí rẹ̀.

Inú ìwé orin mi ni mo fi ìwé náà há. Láràárọ̀ ni mo ń sọ pé n óò gbé e lọ lọ́la. Kúnmi pè mí, ó ní, "Baba Tiṣa, ṣe Dadi ti sign?" Mo ní ó ti ń lọ. Ó bi bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tíránsífà ti tán, a ti parí rẹ̀. Ọmọ náà dúpẹ́. Àwọn méjèèjì sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn, ọkàn wọn balẹ̀, lórí ohun méjì tí kò jọra. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà dé, mo jókòó sílé, mo ń wo aago. Ó kọjá bí ọjọ́ mìíràn ṣe ń kọjá.

Nígbà tí íméèlì dé pé ààyè ti bọ́, ọ̀dọ̀ mi ni Kúnmi sáré wá, nítorí ọwọ́ mi ni ìwé wà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó ní, "Baba Tiṣa, ki lo ṣẹlẹ?" Ibí yìí ò dàrú mọ́ mi lójú. Mo lè ṣiyèméjì nípa gbogbo èyí tó kù, kì í ṣe èyí. Mo wo ojú ọmọ Àrìnpé, mo ní, "Bàbá rẹ ni kò fẹ́ kí o lọ. Má bi í, yóò dùn ún." Lẹ́yìn náà mo pe Dàpọ̀, mo ní, "Ojú ń ti ọmọ náà lórí ohun tó ṣe. Má dárúkọ tíránsífà sí i mọ́." Àwọn méjèèjì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Àgbà kì í sọ̀rọ̀ kí ọmọlúàbí dà á nù.

Kúnmi ya ìwé ara fìríìjì. Kó tó di oṣù kẹsàn-án, ó ti kó lọ sí Stapleton ní Staten Island, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó, ó ń gbé wọn sórí àga, ó ń gbé wọn kúrò. Ní ọjọọjọ́ Àìkú, á pe bàbá rẹ̀, á ní ẹ ku ọjọ mẹta, bàbá rẹ̀ á ní ṣé dáadáa lo wà, ó parí. Dàpọ̀ bi mí lẹ́ẹ̀kan pé, "Tíṣà, mo fi àyà lélẹ̀ nítorí ọmọ yìí, kí ló dé tó fi ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá onílé sọ̀rọ̀?" Mo ní ayé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo sọ bẹ́ẹ̀, mo sì bu omi mu.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí Dàpọ̀ sọ ẹ̀rí rẹ̀ fún mi tán lórí fóònù, mo mú ìwé náà nínú ìwé orin, mo lọ bá Dianelys. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó di ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ mú. Ó wá ní, "Mo gbọ́ ọ. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ofo lọ́jọ́ yẹn, mo sì jẹ́ kí ẹ sọ fún mi pé mi ò gbọ́." Mo bi í bóyá ó ti pẹ́ jù. Ó ní iṣẹ́ tí ọmọ náà ṣe kò tíì bàjẹ́, ó wà nínú ìwé wọn síbẹ̀, ó sì lè tún tọrọ ààyè. Ṣùgbọ́n òun ò mọ̀ bí wọ́n ṣe máa dá a lóhùn, òun ò sì mọ̀ bóyá ó ṣì ń fẹ́ ẹ. Èmi náà ò mọ̀. Ìwé tí mo há mọ́ ẹ̀yìn èyí ni ìwé ìdáríjì tí kì í ṣe ìwé ìdáríjì. Ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, kò wúlò fún nǹkan kan, mo kàn fẹ́ kí ẹ rí i pé kò sí ìtọwọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Mo ti sọ fún Fíkà ìjọ wa pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn fi jẹ Baba Ìjọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń túmọ̀ lẹ́tà fún àwọn òbí yín, àti ẹ̀yin àgbà tí wọ́n ń gbé lẹ́tà wá bá, ẹnu yín ni ilé ẹlòmíràn dúró lé. Bí kò bá yé yín, ẹ sọ pé kò yé yín. Mi ò ní ìmọ̀ràn mìíràn.

Ẹ̀dà kan ìwé yìí ń lọ sí Springfield Gardens lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo mọ ohun tí Dàpọ̀ yóò ṣe. Yóò tì í bọ àyà ẹ̀wù, yóò pè mí pé, "Tíṣà, ẹ wá bá mi wo ohun tí wọ́n ń wí." Mi ò ní gbé fóònù. Mo ti bẹ Kúnmi pé kó dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kó bá a ka lẹ́tà kan. Kò bi mí lẹ́tà wo, ó ní, "O daa, sa."

Kúnmi, ìwọ lò ń ka èyí sókè báyìí. Mo fi àmì sórí ọ̀rọ̀ gbogbo tí kì í ṣe tìrẹ, kí ó lè bá ọ lẹ́nu mu. Máa kà á díẹ̀díẹ̀, má fo ibì kankan bí mo ṣe fò. Bí o bá dé ibi òwe, bi bàbá rẹ, yóò sọ ohun tí mo fi pa mọ́ fún ọ sínú rẹ̀. Ibi tí o bá ti rí ọkọ̀, jẹ́ kí ohùn rẹ wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ó lè mọ̀ lónìí pé kò sí ọkùnrin kankan. Mi ò bẹ ẹ̀yin méjèèjì pé kí ẹ dárí jì mí kíákíá. Ẹ kọ́kọ́ bá ara yín sọ̀rọ̀, bí ó bá ku nǹkan kan lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ fi ta mí lọ́rẹ.

Dàpọ̀, o bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì dá ọ lóhùn. Gbà mí láàyè kí n tún dá ọ lóhùn. O ní, Tíṣà, kí ni tíránsífà? Mi ò mọ̀, Dàpọ̀. Bi Kúnmi.